Bọ́ọ̀dù Dróònù Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Firmware Láìsí Àdánù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan àwọn tí ń ta ẹ̀rọ ìgbàlódé láàárín wa, ó kan àwọn tí ń tún un ṣe, ó sì kan gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ ti wá tọrọ owó láti fi ra dróònù eré ìje. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí irú ọjà yìí wọ àárín wa, ṣùgbọ́n àdánù tó bá a wọlé kì í ṣe kékeré. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ nínú àdánù náà kò yẹ kó wáyé rárá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú wa rí. Ọmọkùnrin kan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú yín, gbé bọ́ọ̀dù dróònù kan wá bá wa nídìí tábìlì tí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ní ó ti kú. Ó ní ẹ̀rọ náà ń fò dáadáa tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí òun rí fídíò kan tó ní kí òun pààrọ̀ firmware rẹ̀, tí òun sì ṣe bí wọ́n ti wí. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò kan ṣoṣo kò yí mọ́. Ó gbé e padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un, onítọ̀hún wò ó fìrí, ó ní, "Èyí ti lọ. Ra tuntun." Owó tí bàbá rẹ̀ yá láti fi ra á, kò tíì san án tán o! Àwa kò ní irinṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀ kankan lọ́wọ́. Wáyà USB kan, láptọ́ọ̀pù kan àti sùúrù ni a fi wò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bọ́ọ̀dù náà ti jí. Bí a ṣe jí i, àti bí òun ì bá ti ṣe é tí kò ní kú rárá, ni a fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

KÍ NI FIRMWARE?

Dróònù eré ìje yàtọ̀ sí èyí tí ẹ máa ń rí níbi ìgbéyàwó, tí ń ya fọ́tò láti òkè. Ti ìgbéyàwó lè dá dúró lójú kan bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó rọ̀. Ti eré ìje kò mọ ìyẹn. Ẹni tó ń darí rẹ̀ á gbé awò bojú, á máa wo ohun tí kámẹ́rà iwájú ẹ̀rọ náà ń rí, á sì máa fi rímóòtù darí rẹ̀ gba inú géètì kọjá pẹ̀lú eré burúkú. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé eré ọmọdé lásán ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, wọ́n ṣe ìdíje kan ní Dubai tí wọ́n pè ní World Drone Prix. Luke Bannister, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 péré nígbà náà, ló darí dróònù tó gba ipò kìíní, ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà jẹ́ 250,000 dọ́là ti Amẹ́ríkà.

Mọ́tò kéékèèké mẹ́rin ló máa ń wà lára ẹ̀rọ yìí. A kò sọ mọ́tò tí ènìyàn ń wọ̀ o, èyí tí ń yí bíléèdì ni. Láàárín wọn ni bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan wà tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Lára bọ́ọ̀dù yìí ni ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní gyro wà, òun ló ń mọ̀ bí ẹ̀rọ náà bá fì sí ọ̀tún, tàbí sí òsì, tàbí tó yí po. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ (8,000) ìgbà ni wọ́n ń bi gyro léèrè láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo pé, "Báwo la ṣe wà?" Bọ́ọ̀dù á fi ìdáhùn rẹ̀ wé ohun tí rímóòtù ń pàṣẹ, á wá fi kún eré mọ́tò kan, á dín ti èkejì kù. Bí ìdáhùn yìí bá dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń bọ̀.

Firmware ni ètò ìṣiṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú bọ́ọ̀dù yìí, tí ń sọ fún un bí yóò ṣe máa bi gyro léèrè àti ohun tí yóò fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Kí ó lè yé yín, ẹ fi wé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa. Bọ́ọ̀dù ni ilé, tábìlì àti àga. Firmware ni akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kẹta tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: ìwé àkọsílẹ̀ tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ìyẹn ni gbogbo ètò tí ẹni tó ni dróònù ti là sílẹ̀ fún un: bọ́tìnnì wo ló ń tan mọ́tò, ojú ibo ni wọ́n so risífà mọ́, báwo ni ọwọ́ rímóòtù ṣe le tó. Nígbà tí ẹ bá gba akọ̀wé tuntun, tí ẹ sì ní kó gbá ọ́fíìsì mọ́ kó tó jókòó, ìwé inú dúrọ́ọ̀ á bá ìdọ̀tí lọ bí ẹ kò bá ti kọ́kọ́ dà á kọ síbòmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ wa yìí ti kọ́kọ́ ṣìṣe.

Firmware tí ó gbajúmọ̀ jù lọ fún eré ìje ni Betaflight. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn kan yọ gyro láti inú ohun ìṣeré Wii ti ilé iṣẹ́ Nintendo, wọ́n sì kọ ètò kan tí wọ́n pè ní MultiWii láti fi gbé ẹ̀rọ fò. Láti ara ìyẹn ni Baseflight ti wá, lẹ́yìn rẹ̀ ni Cleanflight, nígbà tó sì di ọdún 2015 ni Betaflight yà kúrò lára Cleanflight. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kí òun tó fún yín ní Betaflight, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀ ń san, ẹ kò ra firmware lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà 4.3 jáde ní ọdún 2022, 4.4 ní ọdún 2023, 4.5 ní ọdún 2024, tuntun sì ń tẹ̀lé wọn.

ÌDÍ TÍ BỌ́Ọ̀DÙ KÌ Í FI Í KÚ BỌ̀RỌ̀

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a wí lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́ọ̀dù tí ń lo Betaflight ní ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní STM32, tí ilé iṣẹ́ STMicroelectronics ń ṣe. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ ètò kékeré kan sínú rẹ̀, sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè pa rẹ́. Iṣẹ́ ètò kékeré yìí kò ju ọ̀kan lọ: kó gba firmware tuntun láti ara wáyà USB. Ẹ lè gbé firmware tí kò bá bọ́ọ̀dù mu wọlé. Àwọn oníná lè mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì. Ọmọdé lè fa wáyà yọ. Gbogbo ìyẹn kò kan ètò kékeré yìí. Ó wà níbẹ̀ bí olùṣọ́ òru tó mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń jí olùṣọ́ yìí kò le. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ BOOT sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ti wáyà USB bọ ara rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ètò Betaflight lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta, DFU, níbi tí wọ́n ti ń yan ojú ọ̀nà. Bí ẹ bá ti rí DFU, ẹ fọkàn balẹ̀. Bọ́ọ̀dù yín kò kú.

Ìgbà wo ni a wá lè sọ pé ó kú lóòótọ́? Bí ó bá ń rùn bí ohun tó jóná. Bí ọpọlọ rẹ̀ bá gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á kété tí USB bọ́ sí i. Tàbí bí DFU bá kọ̀ láti yọjú lẹ́yìn tí ẹ ti lo wáyà méjì àti kọ̀ǹpútà méjì. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ àmì pé iná ti bà á jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ má tíì sin ín.

OHUN TÓ ṢE BỌ́Ọ̀DÙ ỌMỌ WA

Nígbà tí a so bọ́ọ̀dù ọmọ wa mọ́ kọ̀ǹpútà, ó dáhùn. Èyí nìkan ti tó láti fi hàn pé ẹni tó ní ó ti lọ kò wò ó dáadáa. Àwòrán dróònù máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà, bí a bá sì gbé bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ tí a fì í, àwòrán náà á fì pẹ̀lú. Ti ọmọ yìí kò mì rárá. A lọ sí ojú ìwé tí wọ́n ń pè ní CLI, níbi tí ènìyàn ti ń tẹ àṣẹ wọlé, a tẹ ọ̀rọ̀ kan péré: status. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ fún wa pé òun kò rí gyro.

Ṣé gyro ti bàjẹ́ ni? Rárá o. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Láti ìgbà pípẹ́, gyro tí gbogbo ayé ń lò ni MPU6000. Nígbà tí irú àwọn ohun èlò yìí wọ́n lágbàáyé ní nǹkan bí ọdún 2021 sí 2022, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òmíràn tó ń jẹ́ BMI270 rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀dà 4.3 ni Betaflight tó dìídì gba BMI270 wọlé. BMI270 ló wà lára bọ́ọ̀dù ọmọ wa. Fídíò tó wò ti pẹ́, ẹ̀dà 4.2 ni wọ́n sì fi kọ́ni nínú rẹ̀. Ó gbé akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè aládùúgbò rẹ̀ sínú ọ́fíìsì, ló bá di pé kò sẹ́ni tó dá ẹnì kejì lóhùn.

A gbé ẹ̀dà tó bá a mu wọlé, gyro sì jí, àwòrán ń fì. Ṣùgbọ́n ayọ̀ wa kò pé. Ọmọ náà kò kọ ètò àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ohun tó ti fi oṣù púpọ̀ tò pa pọ̀ ti lọ. Alẹ́ méjì gbáko ló fi tún un tò, títí di òní ló sì ń sọ pé ọwọ́ rímóòtù òun kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ẹ yọ gbogbo bíléèdì kúrò. A mọ̀ pé síkúrúù mẹ́rin lásán ni, ọ̀lẹ sì lè mú ènìyàn láti tú u. Ẹ tú u. Ẹ mú mọ́tò tí wọ́n kọ 2,400 KV sí lára, kí ẹ so ó mọ́ bátìrì tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 14.8. Ẹ fi 2,400 lọ́nà 14.8: ó di 35,520. Iye ìgbà tí yóò yí nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan bí kò bá sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Bí bíléèdì bá wà lórí rẹ̀, kò ní tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó láti gé ìka. USB nìkan kò lè yí mọ́tò lóòótọ́, àmọ́ kí iṣẹ́ yìí tó parí, ẹ ó fi bátìrì sí i. Ìka kò ní ọjà tí wọ́n ti ń ta á.

Èkejì, ẹ bi ara yín pé, "Kí ló dé tí mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀?" Bí ẹ̀rọ bá ń fò dáadáa, tí kò sí àìsàn kan tí ẹ̀dà tuntun wò sàn, tí kò sì sí ohun tuntun tí ẹ nílò, ẹ fi sílẹ̀. Nítorí pé nǹkan jẹ́ tuntun kì í ṣe ìdí. Àwọn bọ́ọ̀dù mìíràn wà pàápàá tí ẹ̀dà tuntun kò gbà mọ́. Àwọn tí ọpọlọ wọn jẹ́ F1 kò kọjá ẹ̀dà 3.2, àwọn tó jẹ́ F3 kò sì kọjá 4.0, nítorí àyè inú wọn kéré. Àwọn F4, F7 àti H7 ni wọ́n ṣì ń gbà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá wáyà USB tó dára. Wáyà kan wà tí kò mọ̀ ju ṣájì lọ. Iná ló ń gbé, kì í gbé ọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù á tan iná, kọ̀ǹpútà kò sì ní rí i. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní òkú, wáyà yìí ló pa wọ́n. Bí wáyà bá dára tí Windows kò sì rí DFU, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ Zadig, tàbí ImpulseRC Driver Fixer, ló máa ń yanjú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ wa: ẹ da ìwé inú dúrọ́ọ̀ kọ. Ẹ lọ sí CLI, ẹ tẹ version, kí ẹ sì kọ orúkọ bọ́ọ̀dù tó bá jáde sínú ìwé yín gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, lẹ́tà fún lẹ́tà. Orúkọ yìí ni wọ́n ń pè ní target. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ diff all, kí ẹ sì pa ohun tó bá jáde mọ́. Ohun tí diff all ń kọ ni gbogbo ohun tí ẹ ti yí padà kúrò ní bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Ẹ tún tẹ dump all, òun ń kọ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ẹ pa méjèèjì mọ́ síta kọ̀ǹpútà náà, bóyá lórí fóònù. Diff ni ẹ ó fi dá ètò padà. Dump kàn wà fún wíwò bí ohun kan bá rú yín lójú ni. Ẹni tó bá fi dump ẹ̀dà àtijọ́ sínú ẹ̀dà tuntun ń fa ìjàngbọ̀n, torí á máa dá ohun tí àwọn tó kọ firmware ti tún ṣe padà sí ti àtijọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gbé tuntun wọlé, èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń pè ní fláàṣì. Orúkọ tí ẹ kọ sínú ìwé gan-an ni kí ẹ yàn. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, bọ́ọ̀dù mìíràn nìyẹn. Láti ẹ̀dà 4.4 ni wọ́n ti máa ń kọ firmware náà fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àkókò tí ẹ béèrè, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ bá yàn. Nítorí náà, bí ẹ kò bá yan GPS, kò ní sí GPS níbẹ̀. Bí irú risífà tí ẹ yàn bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ní, risífà yín kò ní sọ̀rọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí ẹ lò. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ náà, ẹ rántí olùṣọ́ òru wa: ẹ tẹ BOOT, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ dá ètò padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da gbogbo diff sínú CLI lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni da gàrí sínú omi. Ẹ mú apá kan, ẹ wò ó bí àṣìṣe bá jáde, kí ẹ tó mú òmíràn. Bí ẹ̀dà náà bá ti yí nọ́ńbà padà, bíi láti 4.2 sí 4.3, ẹ fi àwọn iye tó jẹ́ ti PID àti fílítà sílẹ̀, kí ẹ lo ti ẹ̀dà tuntun. Ní ìparí, ẹ tẹ save. Ẹni tí kò tẹ save kò tíì ṣe nǹkan kan.

Èkeje, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí bíléèdì kò tíì sí lórí rẹ̀. Ẹ fì í, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán fì bó ṣe yẹ. Ẹ mi rímóòtù, kí ẹ wò ó bóyá ìlà tó yẹ ló ń gòkè. Ẹ yí mọ́tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èkíní ni ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, èkejì ni iwájú lápá ọ̀tún, ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn lápá òsì, ẹ̀kẹrin ni iwájú lápá òsì. Lẹ́yìn náà, nígbà tí mọ́tò ń yí, ẹ pa rímóòtù. Mọ́tò gbọ́dọ̀ dúró láìpẹ́. Bí kò bá dúró, ẹ má gbé e jáde nílé.

BÍ MỌ́TÒ BÁ KỌ̀ LÁTI YÍ

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni bọ́ọ̀dù ń dìídì kọ̀, tí ó sì ní ìdí tirẹ̀. Ẹ tẹ status nínú CLI, á sọ ìdí náà fún yín. Àwọn tí a máa ń bá pàdé nìyí.

NOGYRO: kò rí gyro. Ẹ wo bóyá target tàbí ẹ̀dà ló ṣì.

RXLOSS: kò gbọ́ ohùn rímóòtù. Ẹ wo bóyá ẹ ti ṣí Serial Rx ní ojú Ports, níbi tí wọ́n so risífà mọ́, àti bóyá irú risífà tí ẹ yàn bá tiyín mu. Bí ExpressLRS bá ni ẹ ń lò, CRSF ni ẹ ó yàn lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan pẹ̀lú, USB nìkan kì í gbé iná dé ọ̀dọ̀ risífà.

THROTTLE: ọ̀pá eré lórí rímóòtù kò sí nísàlẹ̀ pátápátá.

ANGLE: ẹ̀rọ náà fì jù, kò jókòó pẹrẹsẹ.

MOTOR_PROTOCOL: ẹ kò tíì yan èdè tí bọ́ọ̀dù yóò máa fi bá mọ́tò sọ̀rọ̀, bíi DSHOT300 tàbí DSHOT600. Èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí a bá pa ohun gbogbo rẹ́.

MSP: ẹ ṣì so ó mọ́ ètò Betaflight lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó rí èyí nígbà gbogbo tí ètò náà bá ṣì so mọ́ bọ́ọ̀dù, kì í ṣe àìsàn rárá. A mọ ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán Sátidé wá ohun tó ń ṣe dróònù rẹ̀ nítorí èyí nìkan.

ARMSWITCH: bọ́tìnnì ìtanná mọ́tò ti wà ní títàn nígbà tí ìdí mìíràn dí i lọ́wọ́. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.

Bí mọ́tò bá wá yí, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ dojú dé kété tó kúrò nílẹ̀, ẹ má dá firmware lẹ́bi kíákíá. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò: bóyá bíléèdì kan wà lódì, bóyá mọ́tò kan ń yí sí ọ̀nà tí kò yẹ, tàbí bóyá bọ́ọ̀dù kọ ojú síbi tí a kò sọ fún un. Bí ó bá sì fò dáadáa, ẹ gbé e ró fún ìdajì ìṣẹ́jú péré nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan mọ́tò. Bí ó bá gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ, ẹ má tún gbé e sókè. Ètò PID tàbí fílítà kan kò bá a mu. Mọ́tò tó bá jóná lókè, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ló ń já lù.

Ọ̀RỌ̀ SÍ Ẹ̀YIN TÍ Ń TÀ Á

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ìwé pélébé kan lè gbà yín lọ́wọ́ aáwọ̀ oníbàárà. Nígbàkigbà tí ẹ bá ta bọ́ọ̀dù, ẹ kọ ohun mẹ́ta sára páálí rẹ̀: orúkọ target rẹ̀, irú gyro tó wà lára rẹ̀, àti ẹ̀dà firmware tí ẹ bá nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ti rà á kí ẹ tó san owó. Bí ọjà bá sì padà wá, ẹ tẹ BOOT kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ fún oníbàárà pé bọ́ọ̀dù ti kú nígbà tí kò kú, ó lè rí èrè ọjà kan lónìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá jí bọ́ọ̀dù náà, oníbàárà yẹn kò ní padà sí ìsọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ má gbàgbé òfin pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, àṣẹ wà tí ènìyàn ní láti gbà kó tó gbé dróònù fò, lọ́dọ̀ àjọ NCAA tó ń mójútó ọkọ̀ òfuurufú, àti ní ọ́fíìsì ONSA, èyí tó jẹ́ ti Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹ sọ èyí fún oníbàárà kó tó san owó, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ọmọ wa, dróònù rẹ̀ ti ń fò, bàbá rẹ̀ sì ń san owó tó yá díẹ̀díẹ̀. Ó ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan báyìí, tó fi ń kọ orúkọ, ẹ̀dà àti ọjọ́ tó bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ yín náà kò ju ìyẹn lọ: ẹ yọ bíléèdì, ẹ kọ ti àtijọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́, kí ẹ sì tẹ BOOT kí ẹ tó sunkún. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti pè ní òkú nílé, kó má tíì sọ ọ́ nù. Kó wá wáyà USB tó dára, kó sì tún un wò.

A ó tún pàdé lóṣù tó ń bọ̀. Kí ọjà ó tà o.